Ìgbáradì yàtọ̀ sí ìbéèrè tí a jí

Ní Dassa-Zoumè, láàrin àwọn òkè 41 ilẹ̀ Ìdààṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wá ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá kà kí BEPC àti BAC tó dé. Kò sí ẹni tí í bá wọn wí. Ìdánwò àtijọ́ ti parí. Ìbéèrè tuntun ni wọn yóò bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bíi Cisco àti Microsoft ní àkójọ ìbéèrè tí wọ́n ń lò léraléra. Ìbéèrè tí ẹnì kan dáhùn lónìí lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la. Ìdí nìyí tí olùṣèdánwò fi ń ṣe àdéhùn pé òun kò ní tú u síta.

Síbẹ̀, àwọn kan ń ta ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń pè é ní ìdánwò ìgbáradì. Orúkọ rere ni wọ́n fi bo ọjà burúkú. Nínú ìgbáradì tòótọ́, olùkọ́ ló fúnra rẹ̀ kọ ìbéèrè, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ibi tí òye rẹ̀ kù sí. Ní 2002, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun jí àṣírí Microsoft nípa títa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀? Owó ni. CCNA, ìwé ẹ̀rí Cisco fún àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, ń gba 300 dọ́là. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Benin jẹ́ 52.000 fáráńkì, ìdánwò kan ṣoṣo ń gbé ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá kùnà yóò tún san án. Ìrìn-àjò nǹkan bí 200 kìlómítà sí Kútọnu kò sí nínú rẹ̀. Owó yìí wúwo jù fún ọmọ aládàáni, ó sì yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó há ìdáhùn sórí kò mọ iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn bá dákẹ́ lóru, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò lè tún un ṣe. Ọ̀gá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò máa fura sí gbogbo ẹni tó bá tún mú CCNA wá, títí kan ọmọ Ìdààṣà tó fi oṣù mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́ ní tòótọ́.