Òkè Àkókó tura, ọ̀nà rẹ̀ ló ń kọni lóminú

Ẹni tó bá ti Àkùngbá gòkè wọ Ọ̀kà-Àkókó nírọ̀lẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀. Ibi tí igbó kìjikìji ti ń fàyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn ni ilẹ̀ Àkókó wà, àpáta ńláńlá ló sì yí Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ká. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì a máa gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà.

Síbẹ̀, Àkókó kò tí ì rí irú àmójútó tí Ìdànrè rí, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Àtẹ̀gùn wà tí àlejò ń bá gun òkè Ìdànrè, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ àjọ UNESCO láti ọdún 2007, lára ohun tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé.

Etí títì ni ọ̀pọ̀ ará Àkókó ti ń nasẹ̀ ní tiwọn, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 2021, ọ̀kan nínú wọn ya lu àwọn ènìyàn ní Àkùngbá, níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Ẹ̀mí ṣòfò, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú àwọn tó kú. Wọn a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́, ẹrù tó wúwo àti èrò tó kún etí títì, ọwọ́ ènìyàn ló wà. Kí ìjọba tó sọ̀rọ̀ ilé ìtura fún àlejò, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ là láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà.