Ká Ṣì Máa Wò Ó

Olóòtú,



Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí. Àdúrà tá a ṣe àmín sí jù lọ níbẹ̀ ni pé kí ọmọ náà di olówó, kó di olókìkí, kó di aláṣẹ. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà pé kó jẹ́ olóòótọ́. Èmi náà ṣe àmín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, orúkọ ẹnì kan ló ń dún lọ́kàn mi: Káṣìmáawòó.

Orúkọ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1937. Òun lọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó yè. Àwọn òbí rẹ̀ kò tọrọ owó tàbí oyè fún un. Wọ́n kàn ní ká ṣì máa wò ó ná ni.

A sì wò ó lóòótọ́. Ọmọ tó ń ṣẹ́gi tà kó tó lọ síléèwé kàwé dé Glasgow, ó di olówó, òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Lọ́dún 1988, Aláàfin fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò.

Ní June 12, 1993, èmi náà wà lórí ìlà tí mo dìbò fún Ẹṣin. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni igbá kejì rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ló sì pọ̀ lórí ìlà tiwa. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ibi tó ti ń kírun tàbí ibi tó ti ń gbàdúrà. Kódà, Abíọ́lá borí Alhaji Bashir Tofa ní Kánò, ìlú Tofa gan-an. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Ọ̀gágun Babangida ti wọ́gi lé ìbò náà.

Àwọn kan á ní Abíọ́lá kì í ṣe áńgẹ́lì, pé ọ̀rẹ́ àwọn ológun náà ni tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà. Ṣé ọ̀rẹ́ yẹn gbà á? Wọ́n tì í mọ́lé lọ́dún 1994. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó rẹ̀, ní Èkó lọ́dún 1996. Ní June 8, 1998, Ọ̀gágun Abacha kú sórí àga agbára. Ní July 7, Abíọ́lá náà kú sí àtìmọ́lé. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ lọ, oṣù kan kò pé tí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ fi tẹ̀lé e. Agbára dà? Owó ńkọ́?

Lọ́dún 2018, ìjọba fún Abíọ́lá ní oyè tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì sọ June 12 di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Ó dáa. Àmọ́ kò sí láyé láti rí i. Ohun tó kù fún un lẹ́nu àwa mẹ̀kúnnù ni pé ó lè fi ẹ̀tọ́ wa gba ìtura ara rẹ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ má máa fi àga iwájú fún ẹni tá ò mọ ibi tó ti rówó. Ẹ̀yin òbí, bẹ́ ẹ bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ fi òótọ́ inú kún àdúrà yín. Bí ẹnì kan bá sì dépò lónìí, ká má tíì sáré kì í. Ká ṣì máa wò ó.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn.