Ẹni Tó Kó Fóònù Tuntun Pamọ́ Kì Í Ṣe Alárobọ̀

Ọjọ́ tí fóònù olówó ńlá bá kọ́kọ́ jáde ni iye rẹ̀ ti máa ń di méjì. Ọ̀kan ni iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi lé e lórí. Èkejì ni iye tí ẹni tó ti sáré kó o pamọ́ ń pè é. Láàárín méjèèjì, kò sí ohun tó yí padà lára fóònù náà. Páálí kan náà ni, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì tàn án wò. Ohun tí ẹni tó rà á ní iye kejì fi owó kún owó fún kò ju pé ẹlòmíràn ti dí ọ̀nà mọ́ ọn lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á máa ka iṣẹ́ yìí mọ́ òwò.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn a máa ní àrobọ̀ lásán ni, pé bí ìyá ẹlẹ́wà ṣe ń rà tó ń tà ni àwọn náà ń ṣe. Ẹ̀gàn ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún alárobọ̀. Alárobọ̀ a jí ní ìdájí, a wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà oko, a ra ẹ̀wà ní àpò, a san owó ọkọ̀, a san owó alábàárù, a sì gbé e wá sí àdúgbò tí kò ti sí ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni yóò ti fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún ẹni tí kò lówó àpò kan. Bí òjò bá pa á, bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, òun ló ni àdánù. Èrè rẹ̀ ní orúkọ: owó ẹsẹ̀ ni, owó ìnira ni, owó ewu ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ogún fóònù jáde nílé ìtajà, tó wá dúró sí ìta ibẹ̀ láti tà wọ́n fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, kò gbé ọjà kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Kò bù ú sí kékeré fún tálákà, kò sì fi àwìn tà á. Kí ó tó dé, ọjà wà. Ìgbà tó dé ni ọjà wọ́n.

Àpẹẹrẹ kan tó hàn kedere wá láti Amẹ́ríkà ní ọdún 2007. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún náà ni Apple gbé iPhone àkọ́kọ́ sórí àtẹ. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́, kò sì tíì sí lórí àtẹ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá, Tim Cook, tó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, sọ fún àwọn olùdókòwò pé nínú nǹkan bíi 1,400,000 tí àwọn ti tà, àwọn fojú bù ú pé 250,000 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tú ìdè AT&T kúrò lára rẹ̀. Lóṣù yẹn kan náà, Apple kò gba owó bébà lórí fóònù náà mọ́, káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ rà ju méjì lọ. Òótọ́ kan wà tó yẹ kí á sọ nípa ìran àkọ́kọ́ àwọn tó ń kó fóònù yìí: púpọ̀ nínú wọn ń gbé fóònù lọ síbi tí kò sí. Wọ́n rin ìrìn àjò, wọ́n sì fara wewu, nítorí bí fóònù náà bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ọwọ́ wọn ló kú sí. Wọ́n jọ alárobọ̀ díẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni kò jọ ọ́ rárá.

Huangniu ni àwọn ará Ṣáínà ń pè wọ́n, ìyẹn màlúù aláwọ̀ ìyeyè. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, iPhone 4S yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilé ìtajà Apple tó wà ní Sanlitun, ní Beijing. Láti òru mọ́jú ni èrò ti tò síta nínú òtútù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá ra fóònù fún ara wọn. Àwọn ọ̀gá màlúù ló háyà wọn, wọ́n kó wọn wá ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tí wọn yóò fi mọ ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé ìtajà kò ṣílẹ̀kùn nítorí ìbẹ̀rù ìjà. Inú bí èrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹyin lu ilé náà. Apple dá títa fóònù náà dúró nínú àwọn ilé ìtajà rẹ̀ ní Beijing àti Shanghai.

Ẹni tó yẹ kí á wò dáadáa nínú ìtàn yìí ni ẹni tó wá ra ẹyọ kan péré, tó fi òtútù òru jẹ́ tirẹ̀, tó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Òun gan-an ni wọ́n jà lólè. Ìlà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí olówó àti mẹ̀kúnnù ti ń dọ́gba lọ́jà: ẹni tó bá dé ṣáájú ni yóò rà ṣáájú, kì í ṣe ẹni tí àpò rẹ̀ bá wúwo jù. Bí ẹnì kan bá lè háyà àádọ́ta èèyàn láti bá a dúró, a jẹ́ pé kò sí ìlà mọ́ nìyẹn. Lónìí, kò tilẹ̀ sí ìdí láti háyà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn tẹ íntánẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rùn-ún orúkọ èké láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹni tó ń fi ìka ara rẹ̀ tẹ tirẹ̀ tó parí kíkọ àdírẹ́sì ilé.

Hong Kong ni àṣírí iye kejì ti tú pátápátá. iPhone 6 jáde níbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ṣùgbọ́n ìjọba Ṣáínà kò tíì fọwọ́ sí i pé kó wọ ọjà wọn. Ní Mong Kok, àwọn onísọ̀ tó wà ní Sin Tat Plaza ń ra fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á nílé ìtajà, iye tí wọ́n ń pè sì ń yí láti wákàtí sí wákàtí. Owó tabua ni àwọn tó kọ́kọ́ tà rí. Kò pẹ́ tí ọjà fi kún ọwọ́ wọn, tí ìròyìn sì jáde pé fóònù náà yóò dé Ṣáínà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ni iye wá já wálẹ̀ bíi igi tí a gé ní gbòǹgbò. Ohun tí wọ́n fi ṣe fóònù náà kò dínkù, bẹ́ẹ̀ ni iye tí Apple ń tà á kò yẹ̀. Ìdènà ló kúrò lọ́nà, owó ìdènà sì bá a lọ. Kó tiẹ̀ tó oṣù mẹ́rin sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, àwọn aṣọ́bodè mú ọkùnrin kan tó ń ti Hong Kong gba ẹnubodè Futian wọ Shenzhen pẹ̀lú iPhone 94 tó so mọ́ra lábẹ́ aṣọ. Fóònù náà ti wà lórí àtẹ ní Ṣáínà nígbà yẹn, owó orí ló kù láti sá fún. Ẹni tó kọ́kọ́ pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní fàyàwọ́ mọ ohun tó ń sọ.

Kò sí bí a ṣe lè dá màlúù lẹ́bi kí á sì fi ẹni tó tú u wọ oko sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé ọjà dé orílẹ̀-èdè díẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, tí wọ́n sì ní kí àwọn yòókù máa retí. Ní ọdún 2014, OnePlus kò ta fóònù rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò ní ìwé ìpè. Ìwé ìpè yẹn fúnra rẹ̀ wá di ọjà tí àwọn èèyàn ń tà. Ìgbà tí OnePlus 3 jáde ní ọdún 2016 ni wọ́n tó pa ètò náà tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Huawei gbé Mate XT jáde, èyí tó ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì, ní yuan 19,999, ó sì ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn màlúù ń pè é ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán èrò tó tò gbọọrọ síwájú ilé ìtajà jẹ́ ìpolówó tí ilé iṣẹ́ kò ná kọ́bọ̀ lé lórí. Owó wọn pé ṣánṣán, ẹni yòówù kó rà á. Fún ìdí yìí, ó ṣòro láti gbà pé òfin tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn nìkan yóò tó.

Ìjọba pàápàá ń pàdánù. Ní ọdún 2022, àwọn agbowó orí ilẹ̀ Japan ní kí ẹ̀ka Apple tó wà níbẹ̀ san nǹkan bíi bílíọ̀nù yen 13, nítorí pé wọ́n ti ta iPhone láìgba owó orí fún àwọn àlejò tó ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Àǹfààní arìnrìn-àjò tó fẹ́ mú ẹ̀bùn lọ sílé ni wọ́n sọ di ọ̀nà ọjà àtúntà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjà Computer Village ní Ìkẹjà ni omi yìí ń ṣàn sí. Apple kò ní ilé ìtajà tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Lóṣù Kẹsàn-án, tí iPhone tuntun bá jáde, inú ẹrù àwọn tó ń ti Dubai, London àti Houston bọ̀ ni èyí tó kọ́kọ́ ń dé Otigba, òpópónà kan nínú ọjà náà, ń gbà wá. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tó ra ẹyọ kan fún àbúrò rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọlọ́jà tó sì gbé e wá tó fi owó dọ́là, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó aṣọ́bodè lé e ní ẹ̀tọ́ sí èrè. Àmọ́ ó rọrùn láti mọ ibi tí èrè ti parí tí ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó wà lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò sí lórí rẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ dọ́là kò rọ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú kò sì wálẹ̀, kì í ṣe owó iṣẹ́ kankan. Owó ìdènà ni.

Ẹni tó san án kì í sì í mọ ohun tó rà. Láti orí iPhone 14 ní ọdún 2022 ni èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ti ní ojú ibi tí a ń ki síìmù sí. Èyí tó ti Hong Kong wá lè gba síìmù méjì. Ti Japan lè máa dún nígbà tí a bá ń ya fọ́tò, bí a tilẹ̀ pa ohùn rẹ̀ mọ́. Apple ní ẹ̀tọ́ láti ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rà á nìkan ni àwọn yóò ti tún un ṣe lábẹ́ ìdánilójú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ní òkè òkun ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò wá san án tán, wọ́n lè ti nọ́ńbà IMEI rẹ̀ pa. Ọlọ́jà tó gba owó gọbọi nítorí kíkánjú kò ní dúró dáhùn fún ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Àwíjàre tó wọ́pọ̀ jù ni pé fóònù kì í ṣe oúnjẹ, ẹni tí kò bá lè rà á kó dúró. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun kò kárí, tí àwọn oní-POS kan sì ń ta owó fún olówó. Owó kì í ṣe oúnjẹ náà, síbẹ̀ gbogbo ìlú mọ̀ pé ìwà ìkà ni. Gbogbo ìlú mọ ọmọkùnrin tó gba bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì ní òru, tó wá ń tà á fún ọlọ́kọ̀ tó ti tò láti àárọ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú kò sí nínú irú ọjà tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Pé wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì náà gba ipò wọn ni. Fóònù tilẹ̀ ti kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́. Ayàwòrán ayẹyẹ àti ọmọ tó ń ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín fi ń jẹun.

Wọ́n tún máa ń ní kò sẹ́ni tó fi ipá mú ẹni tó rà. Ìfẹ́ inú tí ẹlòmíràn ti dí gbogbo ọ̀nà yòókù mọ́ kì í ṣe ìfẹ́ inú. Ní ti pé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni, iṣẹ́ àtúnṣe fóònù, iṣẹ́ títà á pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ tòkunbọ̀ wà ní Otigba, wọ́n ń bọ́ ẹgbẹ̀rún ìdílé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò kí ọjà kọ́kọ́ wọ́n.

Ojútùú rẹ̀ kò ṣòro. Kí ilé iṣẹ́ má ta ju ẹyọ kan fún ẹnì kan ní oṣù àkọ́kọ́, lórí káàdì ìdánimọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n tú ọ̀rá ara páálí, kí wọ́n sì tan fóònù náà lójú ẹni tó rà á, nítorí fóònù tí a ti tàn kò ní iye lójú màlúù. Kí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó bá ti sanwó yóò gbà á ní ọjọ́ kan pàtó, bó pẹ́ bó yá, ní iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ní ọdún 2016, Amẹ́ríkà fi òfin de ẹ̀rọ tó ń kó tíkẹ́ẹ̀tì eré orí íntánẹ́ẹ̀tì; kò sí ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò fi lè kan fóònù níbikíbi tí wọ́n ti ń tà á. Nàìjíríà ní òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó ní kí ọlọ́jà kọ iye ọjà rẹ̀ hàn, kó má sì gbà jù ú lọ. Ẹni tó bá rin Otigba lóṣù Kẹsàn-án yóò rí ìsọ̀ lórí ìsọ̀ tí fóònù tuntun ń dán nínú gíláàsì wọn láìsí iye kankan lára rẹ̀, tí ọlọ́jà ń wo bàtà àti aago oníbàárà kó tó pe iye. Ibẹ̀ ni kí FCCPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí fóònù bá jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọjà bá ti rọ̀.