Ẹ Gbin Adènà, Ẹ Yé Rà Á

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbà wá adènà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn kò dára. Wọ́n ń fi ìwọ̀n ara yan ènìyàn. Wọ́n ń fi ìràwọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì díye lé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bó bá sì di ọdún kejì tí ọmọ náà kò tíì gbó, wọ́n á fi owó ra ẹlòmíràn lé e lórí. A lòdì sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá lọ, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, márùn-ún nínú wọn á tò sí iwájú gbọọrọ: ọ̀kan láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjì ní ìkangun. Ẹni àárín ni yóò ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fún quarterback, ẹni tó ń jù ú. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn márààrún ni pé kí alátakò má ráyè kọjá. Nọ́ńbà 50 sí 79 ni wọ́n ń wọ̀, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wọlé ni ayé ń hó fún. Ìgbà tí àwọn márùn-ún yìí bá ṣẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń gbọ́ orúkọ wọn. Adènà la ó máa pè wọ́n.

Kí ló wá kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú èyí? Ó kàn wá gan-an. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Olumuyiwa Fashanu, ọmọ tó dàgbà sí ìpínlẹ̀ Maryland, dènà fún Penn State kí New York Jets tó mú un ní ipò kọkànlá nígbà ìpínyà ọdún 2024. Olusegun Oluwatimi, tí òun náà dàgbà sí Maryland, gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti Rimington ní 2022 nígbà tó wà ní Michigan. Ẹni tó bá ń ka búlọ́ọ̀gì yìí kò nílò kí a túmọ̀ orúkọ wọn fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde níbí ló ń gbé Maryland, Houston àti Atlanta. Ọmọkùnrin yín ti ga jù yín lọ. Lọ́la, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan yóò jókòó sí pálọ̀ yín, yóò jẹ ìrẹsì yín, yóò sì ṣèlérí. Kí ó tó dé, ẹ gbọ́ tiwa.

Ẹ̀sùn wa àkọ́kọ́ ni pé ìràwọ̀ kò mọ adènà. Àwọn tó ń pín ìràwọ̀ fún àwọn ọmọ girama sábà máa ń wò wọ́n ní àgọ́ ìdánrawò, níbi tí ọmọ ti wọ ṣòkòtò péńpé, tí kò sí ìhámọ́ra lára rẹ̀, tí òun àti ẹnì kan ṣoṣo sì ń dojú kọ ara wọn. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì márùn-ún, tó sì wúwo ju 136 kílò lọ, yóò wu ojú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìyàwó tí a bá fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Iṣẹ́ adènà kì í ṣe ọ̀kan sí ọ̀kan. Ara ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún náà kò sì tíì parí; ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lónìí lè di òpó lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹni tó sì ti tóbi tán lè má tóbi mọ́.

Ẹ wo ẹ̀rí. Lane Johnson ń ṣe quarterback ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní Oklahoma, wọ́n gbé e láti ipò kan sí òmíràn kí ó tó di adènà, ó sì di ẹni kẹrin tí wọ́n mú ní 2013. Jason Kelce wọ Cincinnati láìsí ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe adènà ló bá débẹ̀. Ìpele kẹfà ni wọ́n ti mú un ní 2011, síbẹ̀ ó di ọ̀kan nínú àwọn ẹni àárín tó dára jù lọ ní àkókò rẹ̀. Ní Iowa, ibi tí Kirk Ferentz ti jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá láti 1999, Robert Gallery wọlé fún ipò mìíràn, wọ́n sọ ọ́ di adènà, ó gba Outland ní 2003. Tyler Linderbaum wọ Iowa kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa kọlù adènà. Wọ́n yí i padà, ó gba Rimington ní 2021. Ferentz fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn adènà Iowa láàárín 1981 sí 1989. Ó mọ ohun tó ń wò: ẹsẹ̀ tó yá, ìbàdí tó rọ̀, etí tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìwọ̀n ara, oúnjẹ àti irin gbígbé á bá a mú un wá.

Ẹ̀sùn kejì ni pé àwọn márùn-ún yìí kì í ṣe ènìyàn márùn-ún. Ara kan ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Àwọn alátakò méjì lè pààrọ̀ ọ̀nà lójijì: ẹni tó wà níta á já gba inú, ẹni tó wà nínú á pẹ́yìn dà gba ìta. Bí adènà kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀lé ẹni tó wà níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì á forí gbárí, ọ̀nà á sì là gbáà sí quarterback. Ohun tó yẹ ni pé kí oníkálùkù dúró sí àyè rẹ̀, kí ó fa ẹni tó ń lọ lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì gba ẹni tó ń bọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí gbogbo rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ra ìyẹn lọ́jà ní oṣù Kìn-ín-ní kí ó sì lò ó ní oṣù Kẹsàn-án bí ẹni ń lo iná. Ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti jọ jí ní òwúrọ̀ ló ń kọ́ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ Joe Moore sọ, ọkùnrin tó kọ́ àwọn adènà ní Pittsburgh àti Notre Dame. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn adènà tó dára jù lọ ní gbogbo yunifásítì. Ẹnì kan kì í gbà á. Gbogbo ìlà ló ń gbà á pọ̀. Iowa gbà á ní 2016. Ní 2024, ta ló gbà á? Army, ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point! Ẹnikẹ́ni tó bá wọ West Point, ọdún àkọ́kọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà ti ṣe ọdún méjì níbòmíràn. Ẹni tó bá sì parí, iṣẹ́ ológun ń dúró dè é. Kì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn onírawọ̀ márùn-ún ń sáré lọ. Síbẹ̀ wọ́n ṣẹ́gun nínú eré méjìlá lọ́dún náà, wọ́n sì gba ife líìgì wọn. Irúgbìn ilé ni wọ́n fi ṣe é.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní Alabama gba àmì-ẹ̀yẹ kan náà ní 2015 àti 2020, bẹ́ẹ̀ Alabama kì í fi ìràwọ̀ ṣeré. Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Ẹni tó lówó tó sì tún mọ oko í ro yóò kórè ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn tí a ń bá wí ni àwọn tó rí owó Alabama tí wọn kò rí ọkọ́ rẹ̀.

Ẹ ó tún ní Oluwatimi tí a fi ń yangàn, ṣebí inú portal ni Michigan ti rí i, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ yí ilé ẹ̀kọ́ padà ń fi orúkọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ ka ìtàn náà tán. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun òfuurufú ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Virginia, ibẹ̀ ló sì ti fi ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ eré kí ó tó dé Michigan ní 2022. Ta ló gbìn ín? Kì í ṣe Michigan. Àti pé àwọn adènà Michigan ti gba Joe Moore ní 2021 kí ó tó dé. Àárín àwọn tó ti mọwọ́ ara wọn ló bọ́ sí. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí gbogbo yunifásítì bá gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà, tí kò sẹ́ni tó gbé ọkọ́ lọ sóko, kí ni wọn ó tà lọ́jà náà lọ́dún márùn-ún sí i?

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ wa gbọ́ òdì. Inú wa dùn pé owó ti ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń kó mílíọ̀nù lọ sílé tí ọmọ tó ń fi orí gbá orí kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ ara rẹ̀. Oṣù Keje 2021 ni àjọ NCAA tó gbà pé kí wọ́n máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó. Láti oṣù Keje 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè san owó fún àwọn eléré-ìdárayá rẹ̀, tó lè tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́ ètò náà. Ó tọ́ sí wọn. A ò sì ní kí ọmọ má lọ síbi tó wù ú. Àgbà gan-an ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹni tí a ń bá jà ni àgbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé òun yóò tọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́rin, tó wá fún un ní ọdún kan àtààbọ̀. Kò ní lé e. Yóò kàn sọ fún un pé, "Ọ̀rẹ́ mi, bóyá wàá rí àyè níbòmíràn." Ọmọ náà á kó ẹrù. Lára kírẹ́díìtì tó ti kó jọ lè má bá a dé ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kù sẹ́yìn. Ara tí wọ́n ní kó sanra kó lè dènà fún wọn á wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣèlérí kò tíì sí lọ́wọ́.

Ẹ wo Fashanu. Ó dé Penn State ní 2020. Kò di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ní gbogbo ìgbà títí di 2022. Ọdún méjì gbáko! Bí ẹni tó mú un bá jẹ́ oníwàǹwára, ṣé kò ní ti ra ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀? Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ pé kó lọ gba owó ní 2023, ó dúró fún ọdún kan sí i. Wọ́n ní sùúrù fún un, òun náà sì ní sùúrù. Ibi tí sùúrù náà gbé e dé, ayé rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá jẹ ìrẹsì tán, ẹ má bi í léèrè bí pápá wọn ṣe tóbi tó. Ẹ bi í pé: nínú àwọn adènà márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ eré yín lọ́dún tó kọjá, mélòó ló wọlé sọ́dọ̀ yín láti girama? Ẹ bi í pé: ọdún mélòó ni ẹni tó ń kọ́ àwọn adènà yín ti lò níbẹ̀, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi bó bá lọ? Ẹ bi í pé: bí ọmọ mi bá jókòó fún ọdún méjì, ṣé ẹ ó ṣì máa sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣé ìlérí náà sì wà lákọsílẹ̀? Ẹ bi í pé: àwọn adènà tí ẹ mú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, mélòó ló gba ìwé-ẹ̀rí? Bó bá ń fi ẹ̀rín bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí yunifásítì tí ẹ ti gba oyè kejì lọ́hùn-ún sì ń kọ lẹ́tà sí pé kí ẹ dá owó fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ yín nìyí: owó yín lóhùn. Kí ẹ tó fi dọ́là kan sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ń ná lórí ríra, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n ń ná lórí títọ́: olùkọ́ adènà, oúnjẹ, dókítà, olùrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Bí títọ́ kò bá sí nínú ìṣirò wọn, ẹ di àpò yín.

Ẹni tó ń jẹ iṣu ọdọọdún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń kọ ebè. Àwa ti sọ tiwa. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ tirẹ̀ wá. Ààyè wà níbí.