Ẹ má fi àgbàdo tí òjò pa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ o

Òǹkàwé wa kan láti Ìbàdàn ló kọ̀wé ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun kan jọ ń gbé ilé kan náà, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí kò sí ilẹ̀ kankan lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, òun ní tirẹ̀ ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe máa ń ṣe é. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn méjèèjì á jókòó tì í. Ohun méjì ló bi mí. Ó ní ṣé kò séwu nínú kí èèyàn máa gbin nǹkan sínú ilé? Ó tún ní àpò àgbàdo kan wà lọ́wọ́ òun tí òjò pa, tó sì ti ń bu díẹ̀díẹ̀, ṣé òun lè fi pọn ọtí, nígbà tó jẹ́ pé òun yóò sè é dáadáa?

Ìbéèrè kejì yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè pààyàn. Rárá o, ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé kò sí ohun tí iná kò lè pa. Iná lè pa kòkòrò àìfojúrí lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé tí kòkòrò náà ti tú sínú ọkà kì í fìgbà gbogbo bá iná lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chitima

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Chitima, lórílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, àwọn tó ti ìsìnkú dé mu ọtí àgbàdo ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní pombe. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, tí wọ́n ń bì, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní 230, àwọn 75 sì kú nínú wọn. Obìnrin tó pọn ọtí náà wà lára àwọn tó kú.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnì kan ló da òróòro ọ̀nì sínú ọtí. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa náà, ọ̀tá la máa kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ ọtí àti ìyẹ̀fun àgbàdo náà wò, wọ́n rí májèlé kan tí wọ́n ń pè ní bongkrekic acid. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń ṣe é sínú oúnjẹ tí omi bà jẹ́, iná kì í sì í pa á. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Ìkejì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó máa ń wá láti ara ọkà àti ẹ̀pà tó bu. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ló máa ń bá jà. Lọ́dún 2004 ní Kẹ́ńyà, àwọn èèyàn 125 ló kú nítorí àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o pamọ́. Ẹni tó bá sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè kò tó láti mú un kúrò, bẹ́ẹ̀ ni fífi omi fọ èyí tó bu kò yí i padà.

Nítorí náà, arákùnrin mi, ẹ da àgbàdo yẹn nù. Ẹ má tà á, ẹ má sì fún adìẹ jẹ. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n owó ilé ìwòsàn pọ̀ ju owó àgbàdo lọ.

Bí a ṣe ń mú kí ọkà hù nínú ilé

Ẹlòmíràn lè wá sọ pé, ‘Nọ́ọ̀sì, ṣebí a máa ń rẹ àgbàdo sómi náà kí a tó fi pọn ọtí?’ Òótọ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọkà tó wà láàyè ni à ń rẹ, ọjọ́ rẹ̀ kì í pọ̀, a sì máa ń yára sá a gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣa àgbàdo yín, kí ẹ yọ èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò jẹ àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́ fún ọjọ́ 1 sí 2, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò ìdọ̀họ tó mọ́ sínú agbọ̀n, kí ẹ da àgbàdo náà lé e lórí, kí ó má nípọn jù, kí ẹ sì bò ó. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí oòrùn kò dé, ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, yóò ti hù. Èyí tí kò bá hù ti kú nìyẹn, ẹ ṣà á kúrò. Bí ẹ bá rí i pé ó bu, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Tó bá ti hù, inú oòrùn ló kàn, títí tí yóò fi gbẹ tó máa dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín. Orí pákó tàbí ẹní tó ga sílẹ̀ ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe etí títì. Tó bá di alẹ́, ẹ kó o sínú ohun tó ní ìdérí, torí eku. Àrùn Lassa tó máa ń yọ àwọn ará Òndó lẹ́nu lọ́dọọdún, ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń wá.

Ẹ̀yin tó jẹ́ ọkà bàbà lẹ fi ń pọn ọtíkà, ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó bá yọ lára ọkà bàbà ní irú májèlé tó wà nínú pákí tútù. Tó bá ti gbẹ, ẹ fọwọ́ ra á kí ọmọ àti gbòǹgbò rẹ̀ bọ́, kí ẹ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jẹ ẹ́ ní tútù, ẹ má sì fún ewúrẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ti sè é, tí ẹ sẹ́ ẹ, tí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i kí ó lè rú, inú ìkòkò amọ̀ tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ni kí ó wà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ máa ń kan, ohun tó bá kan sì máa ń jẹ páànù tó ti dípẹtà, á wá di ohun tí ẹ ó mu. Aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi bò ó. Bí ẹ bá rọ ọ́ sínú ìgò tí ẹ dé e pinpin nígbà tó ṣì ń hó, ìgò náà lè bẹ́ sí yín lójú.

Ẹ̀fọ́ lójú fèrèsé

Ó wá ku ti ọ̀rẹ́ yín. Iṣẹ́ tó dára ló ń ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lójú tàbí àpò ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló dára, bí kò bá ṣáà ti gbé oògùn kòkòrò tàbí ásíìdì rí. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀ ní ihò bíi mélòó kan, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ fi ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà lé e lórí. Ẹ má lọ bu ilẹ̀ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Fèrèsé tí oòrùn ń wọlé sí fún nǹkan bíi wákàtí 6 ni ẹ̀fọ́ fẹ́. Tẹ̀tẹ̀ á tó já láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ní ti ewédú, ẹ ri èso rẹ̀ sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ yára fi omi tútù sí i, nígbà náà ni yóò hù dáadáa. Pàǹtí ọkà tí ẹ sẹ́ kúrò nínú ọtí wúlò fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ níta títí yóò fi jẹrà, kí eṣinṣin má baà gba ilé yín. Omi tó bá ń dúró nínú àwo abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ máa dà á nù lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án

Kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Bí ọkà yín tilẹ̀ mọ́ tónítóní, ọtí ṣì ni ọtí. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé sọ lọ́dún 2023 pé kò sí bí ọtí ṣe lè kéré tó tí a lè sọ pé kò lè pa ara lára. Aláboyún, ọmọdé, ẹni tó fẹ́ wakọ̀ tàbí gun ọ̀kadà, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu àti ẹni tó ń lo oògùn Flagyl, kí wọ́n má tọ́ ọ wò rárá. Ẹ̀yin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó mu ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí tó sì ń bì, tí inú ń run ún, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí àtàrí epo tàbí tí kò ríran dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, kì í pa májèlé, ó sì lè gba ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé ọtí tó kù dání, kí àwọn dókítà lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, kí ẹ sì sọ fún gbogbo àwọn tó jọ mu ún.

Ẹ kí ọ̀rẹ́ yín fún mi o. Kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ máa dàgbà, kí ìrọ̀lẹ́ Sátidé yín sì máa dùn. Ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.