Amọ̀ Ìlú Òyìnbó Kò Ba Fìtílà Òrìṣà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa olórìṣà tí a wà ní London: ǹjẹ́ ó yẹ kí ìyàwó òrìṣà fi amọ̀ tí ó rà níhìn-ín mọ fìtílà ojúbọ rẹ̀, àbí dandan ni kí ó ránṣẹ́ sílé? Àwọn àgbà kan ní èyí tí ó ti ilé wá nìkan ni òrìṣà mọ̀. A ti rí ìyàwó tí wọ́n kọ fìtílà rẹ̀, tí ó sì sunkún lọ sílé. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wa, ṣùgbọ́n a kò gbà.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia kò mú amọ̀ Ọ̀yọ́ dání. Amọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n lò, títí di òní, ìkòkò tí àwọn amọ̀kòkò Maragogipinho mọ wà lójúbọ àwọn ilé Candomblé. Ní Cuba, inú àwo ọbẹ̀ tánganran tí ó ní ìdérí ni ọ̀pọ̀ olórìṣà ń gbé òrìṣà wọn sí. Ta ni yóò sọ pé Yemọja kò gbọ́ tiwọn?

Ohun tí ó tọ́ kí a bá àwọn ọmọ wa wí lé lórí ni iṣẹ́ ọwọ́ náà gan-an. Amọ̀ tí a sun láìfi nǹkan dídán bò a máa mu epo. Nítorí náà ni àwọn ìyá amọ̀kòkò fi ń fi òkúta kíkúnná ra ara ìkòkò kí wọ́n tó sun ún, kí ojú rẹ̀ lè dì. Síbẹ̀, díẹ̀ yóò wọlé. Fìtílà tí ó ti mu epo pupa kò ṣeé gbé síwájú Ọbàtálá mọ́, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ti mu àdín kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Èṣù. Ẹ mọ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Òrí a máa dì gbagidi nígbà òtútù níhìn-ín. Bí inú fìtílà Ọbàtálá bá jìn, ooru iná kò ní dé ìsàlẹ̀. Òwú yóò jó tán, òrí yóò sì wà níbẹ̀ bí òkúta. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀, kí ó má jìn. (Àwọn tí wọ́n ti rí àwòrán ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo a máa fẹ́ ṣe olójú mẹ́rìndínlógún. Ojú kan tó fún yàrá.) Ẹ lọ àpáàdì kúnná mọ́ amọ̀ náà, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó kí ó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí omi tí ó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni yóò fọ́ ọ nínú iná.

Bí ẹsẹ̀ Ifá kan bá wà tí ó ka amọ̀ ilẹ̀ mìíràn léèwọ̀, kí àwọn babaláwo wa kì í fún wa. A ti ṣetán láti gbọ́.