Òjò kọ́ ló dá wa dúró



Ní abúlé kan tí mo ti ṣe olùkọ́, ẹgbẹ́ àwọn òbí dá owó jọ láti kọ́ kíláàsì kan. Owó pé. Síbẹ̀, nígbà tí a wọlé padà, abẹ́ igi máńgòrò làwọn ọmọ ṣì jókòó sí. Wọ́n ní òjò ló fà á. Èmi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dídá bíríkì títí yóò fi gbẹ: ọ̀sẹ̀ 4. Mímọ ògiri: ọ̀sẹ̀ 3. Igi òrùlé àti páànù: ọ̀sẹ̀ 2. Kíkan bẹ́ńṣì: ọ̀sẹ̀ 5. A ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ọ̀sẹ̀ 14. Ṣùgbọ́n kí ni bẹ́ńṣì ń dúró de òrùlé fún? Ká ní ọjọ́ kan náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn oníbíríkì bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 9 ni ì bá gbà wá.

Ó ku kan. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá fi ọ̀sẹ̀ 4 pẹ́, kíláàsì ò ní pẹ́. Bí bíríkì bá fi ọ̀sẹ̀ 1 pẹ́, gbogbo iṣẹ́ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 1. Bíríkì ló yẹ ká máa ṣọ́. Àwa, gbẹ́nàgbẹ́nà la bá jà, torí òun ló kẹ́yìn.

Ìmọ̀ yìí lórúkọ: recherche opérationnelle. Ní 1958, Bernard Roy gbé irú ìṣírò yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà kan náà làwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, tí wọ́n ń pè ní PERT.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ mínísítà nìyẹn. Rárá o. Ìyá tó ń se oúnjẹ ìkómọ, ṣebí ó ti rẹ ẹ̀wà sómi kó tó lọ lọ ata? Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá di ogójì, orí nìkan ò lè gbé e mọ́. Ó di kíkọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ tó bá fẹ́ràn ìṣirò, ẹ má bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi ṣe. Oògùn ilé ìwòsàn, ọkọ̀ tó ń kó òwú, àkókò ìdánwò, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ẹni tó lè ṣètò.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pín owó, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ sí i, kí ẹ sì bèèrè: èwo ló ń dúró de èwo?